Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré nílé ní Ìlọrin: ìwé, ayò, amọ̀ àti ọ̀nà Èsìẹ́

Ọjọ́ kẹta tí mo mú Àjàní ọmọ mi kúrò nílé ìwé ni mo ra agogo. Agogo onídẹ kékeré kan báyìí, Ọjà Ọba ni mo ti rí i. Mo ti ra pátákó ìkọ̀wé àti ṣọ́ọ̀kì ṣáájú, mo ti to àga méjì sí pálọ̀, mo sì ti lẹ ìwé mọ́ ògiri: aago mẹ́jọ ìṣirò, aago mẹ́sàn-án ìwé kíkà, aago mẹ́wàá ìsinmi. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù, màá lu agogo mi, ọmọ ọdún márùn-ún á wá jókòó, á káwọ́ gbera. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, tó bá ti gbọ́ agogo, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá lọ.

Ìyá ọkọ mi ló gbà mí, kò sì mọ̀ pé òun ń gbà mí. Wọ́n wá kí wa láti Òmù-Àrán, wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Àjàní lọ bá wọn. Nígbà tí mo máa yọjú, àwọn méjèèjì ti to ẹ̀wà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá sórí àtẹ. Ọmọ tí mo ti ń pariwo ìṣirò mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń kà á lọ geere dé àádọ́ta, ó tún ń bá ìyá àgbà ṣe àríyànjiyàn pé ìlà kẹrin kò pé. Wọ́n tún un kà. Mẹ́sàn-án ni lóòótọ́. Mo fún ọmọ aládùúgbò ní agogo náà lọ́jọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ọwọ́ ọmọ á kọ́kọ́ mú nǹkan, ìwé á wá tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Èyí tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlòmíì ló máa kọ tiẹ̀.

Kí ẹ tó mú ọmọ kúrò nílé ìwé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òfin, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fò. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní UBE, sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ òun lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì parí rẹ̀, títí kan ìpele girama kékeré. Ìjìyà wà nínú rẹ̀: ìbáwí nígbà àkọ́kọ́, tí wọ́n bá tún dá òbí lẹ́bi, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ẹgbẹ̀rún méjì kò ra nǹkan gidi mọ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n òfin ni òfin ń jẹ́.

Nítorí náà, kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́fà, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti tó ọdún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi í pa mọ́ sílé. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ máa kọ sílẹ̀. Ọ̀nà míì tí mo mọ̀ pé àwọn òbí ń gbà ni kí ọmọ ní orúkọ nílé ìwé kan tó gbà kó máa wá ṣe ìdánwò ìparí táàmù. Ẹ wá ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí ilé ìwé ń kọ́ ọmọ, ṣe pẹ̀lú, kí ẹ lè mọ ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dé. Ẹ kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò ni. Tí ẹ bá ń tẹ̀ lé e lọ́jọ́ dé ọjọ́, agogo ni ẹ máa padà lọ rà.

Lẹ́yìn òfin, ẹbí. Ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìbéèrè tó dùn mí ni àǹtí mi kan: "Ṣé owó ilé ìwé ló wọ́n yín ni?" Ẹ ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Tèmi ni pé nílé ìwé tí Àjàní ń lọ nígbà náà, wọ́n fi owó kékeré tanràn án torí ó sọ pé "òùngbẹ ń gbẹ mí" ní Yorùbá. Ọmọ ọdún márùn-ún, ní Ìlọrin! Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àǹtí mi, wọ́n dákẹ́. Ọkọ mi ní tiẹ̀ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n mo ní kó mú iṣẹ́ kan tó máa jẹ́ tirẹ̀. Ó mú ayò àti ìrìn-àjò, ẹ ó sì rí i pé òun ló mú èyí tó dùn jù.

Wákàtí mélòó?

Kò pọ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún ìwé àti bírò. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, wákàtí kan àbọ̀, kí ẹ pín in sí méjì. A máa ń ṣe ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun àárọ̀, kí oòrùn tó mú; ìkejì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìyókù ọjọ́, iṣẹ́ ilé ni, eré ni, ọjà ni. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ wọ́n ń lọ sí ilé kéwú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó bá ń bi yín pé ọmọ tí kò lọ sílé ìwé á ṣe mọ èèyàn, ẹ ní kó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kéwú kan ní Ìlọrin tí wọ́n bá ṣíwọ́. Fún ẹni tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé kíkà: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá

Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. Kò sí C, Q, V, X àti Z nínú wọn. Ẹ, GB, Ọ àti Ṣ ló wà níbẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ bí orin láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tó ń kọ A B D lórin lè wo B lára agolo Bournvita kó má mọ̀ ọ́n.

Fáwẹ̀lì méje ni kí ẹ mú ṣáájú: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Adùn Yorùbá ni pé ìró kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, kì í yí padà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọmọ bá ti dá méje mọ̀, ẹ fi kọ́ńsónáǹtì mẹ́rin kún un: b, d, k, l. Ẹ gé páálí sí wẹ́wẹ́, kí ẹ kọ ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀, lẹ́yìn náà da, de, dẹ, títí. Páálí 28 ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Ẹ tún kọ fáwẹ̀lì méje náà sórí páálí tiwọn. Pẹ̀lú 35 yìí nìkan, ọmọ lè to ọ̀bẹ, ilé, oko, adé, ilá, ìlù, ẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ látinú ilé ni gbogbo wọn, kò sí èyí tí ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ fún un.

Ohùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òbí ń fi í sílẹ̀ pé ó le. Kò le fún ọmọdé, àwa àgbà ló le fún. A ń fi ara kọ́ ọ: dò, ọwọ́ lórí orúnkún, re, ọwọ́ láyà, mí, ọwọ́ lórí. Bàtà: orúnkún, orúnkún. Adé: àyà, orí. Bàbá: orúnkún, orí. Ọ̀bẹ: orúnkún, àyà. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa ṣe é lórí oúnjẹ. Ìgbà tí mo wá kọ àmì náà sílẹ̀, tí mo ní èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ ni orúnkún, tó ń lọ sókè ni orí, wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan.

Eré tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nílé wa ni eré igba. Mo tẹ́ ẹní, mo to nǹkan márùn-ún sí i. Igbá tí a fi ń bomi. Aago ògiri, ìyẹn ìgbà. Ẹ̀pà nínú ọ̀rá, igba ẹyọ gééré. Ìgbá mẹ́ta láti ọjà, èyí tí àwọn míì ń pè ní ikàn. Okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, igbà. Mi ò rí i rà ní Tanke, ọkọ mi ló yà á láti abúlé. Màá pe ọ̀kan, ọmọ á sáré lọ mú un. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi obìnrin ò tíì mọ ìwé kà nígbà náà, ọdún mẹ́rin ni. Mo ní "igbà." Ó na ọwọ́ sí ìgbá, ó dúró, ó fọwọ́ kan àyà, ó fọwọ́ kan orúnkún, ó wá yí padà lọ gbé okùn. Mo kọ ọ̀rọ̀ márààrún sórí páálí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń tò ó sórí nǹkan wọn.

Ìwé wà, àmọ́ èyí tó dára ní Yorùbá fún ọmọ kékeré kò pọ̀ lórí àtẹ. Ẹ wo ilé ìkàwé ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹ tún wo African Storybook lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìtàn alawòrán fún ọmọdé wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá wà nínú wọn, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín, kí ẹ sì fi bírò tún àmì ohùn tó bá sọnù ṣe.

Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fẹ́ràn jù nílé wa, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́. Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ mú bébà A4 mẹ́rin, ẹ ká a sí méjì pọ̀. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni yẹn. Ẹ gé páálí Indomie fún ẹ̀yìn ìwé. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá lu ihò mẹ́ta sójú ibi tí ẹ ká, kí ẹ fi òwú nípọn rán an. Ọmọ á sọ ìtàn, ẹ̀yin á kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, gbólóhùn kan lójú ewé kan, òun á ya àwòrán. Ẹ má tún un sọ fún un. Ti Àjàní bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ewúrẹ́ kan wà ní Tanke. Ó jẹ gèlè Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì ò rẹ́rìn-ín." Ó ti ka ìwé yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, torí ó mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó kà á. Ìwé kíkà ọmọ kékeré, ibẹ̀ yẹn ló ti ń là.

Gẹ̀ẹ́sì kò ní sá lọ. A ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, a ń ka ìtàn rẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kí wọ́n kà á fúnra wọn àfi ìgbà tí Yorùbá ti dúró. Nígbà náà, lẹ́tà márùn-ún péré ló jẹ́ àjèjì. Ibì kan tó ń dè wọ́n lọ́nà ni P. Ẹ sọ fún ọmọ gbangba pé P ti pátákó àti P ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀kan náà: fún tiwa, ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè ló jọ ń ṣiṣẹ́, fún tiwọn, ètè nìkan.

Ayò, ẹ̀wà, àti èènì

Ẹ kò nílò láti ra ọpọ́n ayò. Páálí ẹyin tó ń gba ọgbọ̀n ẹyin, ìlà márùn-ún ni, ihò mẹ́fà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ìlà méjì jáde, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ihò méjìlá, ọpọ́n dé. Ìlà mẹ́ta tó kù, ẹ fún ọmọ kékeré kó máa fi ya bọ́tìnì sọ́tọ̀ ní àwọ̀-ní-àwọ̀. Tí ẹ ò bá rí ọmọ ayò gidi, òkúta wẹ́wẹ́ 48 tó.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má kọ́ òfin jíjẹ rárá. Kí ọmọ kàn máa fi mẹ́rin-mẹ́rin sí ihò títí gbogbo rẹ̀ á fi pé, kó tún kó o jáde. Mẹ́rin lọ́nà méjìlá nìyẹn, ẹ ò sì tíì dárúkọ ìṣirò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ kọ́ ọ ní títa: kó gbogbo ọmọ inú ihò kan, máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Ẹ ó rí i pé ó máa ń ka ọmọ inú ihò kó tó kó o, kó lè mọ ibi tó máa parí sí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá sọ òfin jíjẹ: bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ihò ẹnìkejì, tó sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, jẹ ẹ́. Lópin eré, kálukú á ka tirẹ̀. Mẹ́rìnlélógún sí mẹ́rìnlélógún, ọ̀mì ni. Ọkọ mi kì í mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n pa òun. Mo bá a jà lórí ìyẹn, ó ní òpè ò lè di ọ̀ta, ọ̀gá nínú ayò, tí wọ́n bá ń ṣojú àánú sí i. Oṣù kẹrin ni Àjàní pa á nígbà àkọ́kọ́. Gbogbo ojú pópó ló gbọ́.

Ọmọ ayò yìí náà la fi ń kọ́ orúkọ òǹkà Yorùbá, èyí tí ọ̀pọ̀ òbí ti sá fún. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, a ń fi kún ẹ̀wá. Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ń yọ kúrò nínú ogún. Ẹ to ogún ọmọ ayò. Ẹ ní kó yọ mẹ́ta. Mélòó ló kù? Mẹ́tàdínlógún: mẹ́ta ló dín, kí ó tó jẹ́ ogún. Orúkọ náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọmọ tó bá fọwọ́ yọ ọ́ báyìí, ẹ bi í nípa àádọ́ta lọ́jọ́ míì: ogún lọ́nà mẹ́ta, ẹ̀wá kúrò. Eré igba tún padà wá níbí, torí igba ẹ̀pà yẹn, ogún-ogún la kà á: ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà, ogóje, ọgọ́jọ, ọgọ́sàn-án, igba. Òkìtì mẹ́wàá. Àwọn ló jẹ ẹ̀pà náà lẹ́yìn tí a kà á tán, mo sì tún ra òmíì.

Ọjà ni ilé ìṣirò tó kù. Ẹ fún ọmọ lówó gidi, nǹkan kan ṣoṣo ni kó rà, kí ẹ dúró sẹ́yìn díẹ̀. Kó kí olùtajà, kó béèrè iye, kó ná an, kó gba ṣéńjì, kó kà á kó tó kúrò. Ní Ìpàtà, Àjàní ra ọsàn márùn-ún, ó sì kà á, mẹ́fà. Ó yọ ọ̀kan, ó nà án padà: "Ẹ ṣì í kà, mà, ó lé kan." Ìyá ọlọ́sàn-án rẹ́rìn-ín títí: "Èènì ni, ọkọ mi." Àwa tí a bí sínú ọ̀rọ̀ yìí kì í rò ó pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní èènì. Nígbà tí a délé, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: 5 + 1, ó wá ya ojú ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ 1.

Amọ̀ láti Dàda

Ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin tí kò tíì mú ọmọ lọ sí Dàda, ní Òkèlélé, ti fi nǹkan ńlá ṣòfò. Àwọn ìyá amọ̀kòkò wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìdílé ni. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra nǹkan kékeré kan, kóló tàbí ìkòkò tùràrí, kí ẹ tó béèrè bóyá ọmọ lè dúró wò. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ta amọ̀ díẹ̀ fún yín. Ẹ má ya fọ́tò wọn láìgbàṣẹ.

Nílé: ẹ ṣa òkúta inú amọ̀ kúrò. Ẹ pò ó, ẹ lù ú mọ́ pákó, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ọmọ á ká a bí ọsàn, á fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, á wá máa yí i, á máa fi ìka méjì pọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má nípọn ju ìka ọmọ náà lọ. Ibi tó bá sán, ẹ fi ìka tútù pa á.

Gbígbẹ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àwo mẹ́rin tí a kọ́kọ́ ṣe, oòrùn ni mo sá wọn sí, gbogbo rẹ̀ ló là. Ìta àwo gbẹ, ó sún kì, inú ṣì tutù, ló bá fà ya. Abẹ́ òjìji ni kó gbẹ: ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ méjì, kí ẹ ṣí i, kó tún lo bí ọjọ́ márùn-ún. Ẹ má gbìyànjú láti sun ún nílé. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ bu omi díẹ̀ sínú àwo tí ọmọ ṣe, kí ẹ bu sínú ìkòkò tí ẹ rà ní Dàda. Kí wọ́n jókòó tì í. Láìpẹ́ ìdí àwo tilé á bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, á padà di amọ̀. Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e, "kí ni iná ṣe fún ìkòkò yẹn?", ló tó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ọ̀sẹ̀ kan. (Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ sí i kí ẹ tó da omi sí àwo rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ sunkún gan-an.)

Aṣọ híhun náà dára. Ẹ lè gé eyín sí orí àti ìdí páálí, kí ẹ na òwú sí i, kí ọmọ máa fi òwú míì gba òkè kan, ìsàlẹ̀ kan. Ẹ̀yìn náà kí ẹ mú un lọ wo ahunṣọ òkè lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ti hun tiẹ̀ kó tó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní mọ ohun tó ń wò.

Nígbà tí iná bá lọ

Iná á sáà lọ. Ìgbà yẹn ni àlọ́. Bojúbojú fún àwọn tó lè sáré, àlọ́ àpamọ̀ fún àwọn tó ti rẹ̀. Èyí tí wọn kì í jẹ́ kí n má pa: Òrúkú tindí tindí, Òrúkú tindì tindì, Òrúkú bí igba ọmọ, ó lé tìróò fún gbogbo wọn. Ẹ̀wà ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pa á, Àbẹ̀kẹ́ gbé tọ́ọ̀ṣì, ó wọ ilé ìdáná lọ wo ojú ẹ̀wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó padà wá ní òun rí ọ̀kan tí kò lé tìróò. Ẹ̀wà pupa ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún wọn kí àwọn náà dá àlọ́ tiwọn sílẹ̀ nípa nǹkan inú ilé. Kò rọrùn bí ẹ ṣe rò.

Ìrìn-àjò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìlú. Òkúta tí ìtàn ní àwọn èèyàn ti ń lọ irin wọn, tí ìlú fi ń jẹ́ Ìlọrin, wà ní Ìdí-Àpè. Ẹ mú ọ̀bẹ ìdáná tó ti kú lọ́wọ́ ilé kí ẹ tó lọ, ẹ lọ ọ́ mọ́ òkúta ẹ̀yìnkùlé níṣojú wọn, kí orúkọ ìlú yé wọn láti etí. Ọgbà ẹranko wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ dúró sórí afárá odò Àsà ní oṣù kejì, kí ẹ tún dúró síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n ya odò náà lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ìrìn-àjò tí mo máa gba gbogbo ìdílé níyànjú ni Èsìẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn lórí ìjókòó, irun dídì lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, òkúta tó rọ̀ débi pé irin ń gbẹ́ ẹ láìjà.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ Èsìẹ́ nílé, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ ra ọṣẹ ìfọṣọ gígùn, ẹ gé e sí mẹ́ta. Ẹ fún ọmọ ní ìdí ṣíbí, kì í ṣe ọ̀bẹ. Kó gbẹ́ èèyàn tó jókòó. Ọrùn ló máa kọ́kọ́ ṣẹ́. Ti gbogbo wa ló ṣẹ́. Ẹ kó ìrúnrùn ọṣẹ pa mọ́ fún ìfọṣọ. Nígbà tí Àjàní dé iwájú ère níbẹ̀, kò wo ojú rẹ̀ rárá. Ọrùn ló ń wò. Ó ní, "Dádì, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é tí kò ṣẹ́?" Olùtọ́jú ibẹ̀ gbọ́ ọ, ó fà á lọ́wọ́, ó fi ọ̀nà tí irun àti ìlẹ̀kẹ̀ fi nípọn ní ẹ̀yìn ọrùn hàn án. Ìbéèrè yẹn ò lè wá láti ẹnu ọmọ tí kò fi ọwọ́ gbẹ́ nǹkan rí.

Lójú ọ̀nà, mo ń kọ orúkọ ìlú sórí bébà, wọ́n á máa fi ìka wá a lára pátákó: Gànmọ, Ìdọ̀fìán, Àjàṣẹ́-Ìpo níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà ti yà. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìbéèrè mẹ́ta péré fún ère kọ̀ọ̀kan: kí ló wà lórí rẹ̀, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó jókòó ni àbí ó dúró? Ère mẹ́fà tó fún ọmọ ọdún méje. Mẹ́ta fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìtàn ìlú ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Ẹ sọ ọ́ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé, kì í ṣe níbẹ̀, nítorí ẹ̀rù.

Ẹ fara balẹ̀ lórí ọ̀ràn ọ̀nà. Láti ọdún mélòó kan wá, àwọn ajínigbé ti da apá gúúsù Kwara láàmú. Ẹ pe ẹni tó ń gbé ibi tí ẹ ń lọ ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, ẹ jáde láàárọ̀, kí ẹ padà sílé kí oòrùn tó rọlẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má wá, ẹ má lọ. Ìṣàn omi Òwu ní Ìfẹ́lódùn rẹwà, omi rẹ̀ ń já láti ibi tó ga ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, ṣùgbọ́n èmi kò tíì mú ọmọ mi lọ, mi ò sì ní mú wọn lọ báyìí. Ti Jẹ́bà, láti wo Odò Ọya àti afárá rélùwéè, ẹ dúró títí ọmọ á fi pé ọdún méje: ọ̀nà náà gùn, ìjókòó mọ́tò kì í dùn mọ́ ọmọ kékeré.

Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ìwé kíkọ kan fún ọmọ kan. Lálaalẹ́, ìlà mẹ́ta: ohun tó ṣe, ohun tó kọ̀, ohun tó sọ. Ẹ kọ déètì sí i. Àwọn àwòrán àti ìwé tó rán, ẹ kó wọn sínú páálí kan. Èyí ni ẹ máa gbé síwájú ẹni tó bá wá béèrè láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, òun náà sì ni ilé ìwé máa fẹ́ rí tí ẹ bá ní ọmọ ń padà. Ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá ń wo ilé ìwé girama ìjọba àpapọ̀ lọ́jọ́ iwájú, bíi FGC Ìlọrin tàbí FGGC Òmù-Àrán tó jẹ́ ti àwọn obìnrin, ìdánwò àbáwọlé tí NECO, àjọ ìdánwò ìjọba àpapọ̀, ń ṣe wà níbẹ̀. Ọdún kan tàbí méjì ṣáájú rẹ̀, kí ọmọ ti máa jókòó ti ìwé ìbéèrè àti aago, kó má bàa jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ rí i.

Àwọn ìlà tí mo kọ fún Àbẹ̀kẹ́ lálẹ́ àná nìyí: Ó ka ogún ọmọ ayò, kò ṣì. Ó kọ̀ láti kọ Ẹ, ó ní ó jọ E tó ń sunkún. Ó ní kóló òun ti gbẹ, kí n wá fún òun lówó tí òun máa kó sí i.